Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Àgbádárìgì: Ìbéèrè tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù Nípa Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Àwọn ìbéèrè yìí kò yé dé ọ̀dọ̀ wa, pàápàá nínú oṣù Kẹsàn-án nígbà tí àlejò máa ń pọ̀ nílùú. Àwọn tó rọrùn la fi ṣáájú, àwọn tó ta kókó la fi sẹ́yìn.

Ọjọ́ wo gan-an ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì?

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni. Sátidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ẹni mẹ́ta ló yẹ ká máa dárúkọ: Thomas Birch Freeman, William de Graft, àti ìyàwó de Graft. Cape Coast, ní ilẹ̀ Ghana òde òní, ni wọ́n ti wọkọ̀ wá.

Ẹni tó bá ti dé etí òkun Àgbádárìgì rí á mọ irú ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀lú. Ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń gbé èèyàn la ìgbì kọjá, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rin iyanrìn erékùṣù Gberefu, wọn á tún wọ ọkọ̀ mìíràn gba ọ̀sà kọjá kí wọ́n tó fojú kan ìlú. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà jáde lọ sókun náà nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí ń gbà á wọlé ni.

Ta ni Freeman? Ṣé òyìnbó ni?

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni. Twyford, ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809. Ọmọ Áfíríkà tó ti ṣe ẹrú rí ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni òyìnbó. Iṣẹ́ olùtọ́jú ọgbà ló ń ṣe ní Orwell Park nítòsí Ipswich kó tó di àlùfáà, ó sì mọ tewé tegbò gan-an.

Oṣù Kìíní ọdún 1838 ló dé Cape Coast. Nígbà yẹn, ẹni tó bá gbà láti wá sí etí òkun wa ti gbà láti kú. Joseph Dunwell tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1835 kò lò tó oṣù mẹ́fà tó fi kú. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà kú, tọkọtaya. Ìyàwó Freeman fúnra rẹ̀, Elizabeth, kò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Freeman ló bọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni 80 ọdún ni nígbà tó kú ní Accra ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890.

De Graft ńkọ́?

Ọmọ Fante ni, láti Cape Coast. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń péjọ ka Bíbélì fúnra wọn níbẹ̀ láti ọdún 1831, kí àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kankan tó dé ilẹ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ló bẹ ọ̀gákọ̀ kan, Captain Potter, pé kó bá wọn wá Bíbélì sí i nílùú òyìnbó. Ibi tí ẹ̀bẹ̀ náà já sí ni pé ìjọ rán Dunwell sí wọn.

Nítorí náà, ẹni tó wá bá wa gbé ní Àgbádárìgì mọ̀ ọ́n lára ohun tó jẹ́ láti máa retí oníwàásù. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn yìí, Freeman nìkan ni wọ́n ń fọ̀n ọ́n rere, wọn a sì gbójú fo de Graft. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta péré ni Freeman lò lọ́dọ̀ wa nígbà tó kọ́kọ́ wá, nínú èyí tó tún rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta. De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ló jókòó ti iṣẹ́.

Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n? Àbí wọ́n kàn wá ni?

Wọ́n pè wọ́n ni. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá dé ìlú yìí mọ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń lé ọkọ̀ ẹrú lójú agbami. Àwọn ẹrú tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ní Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n ń já wọn sí. Ogun tó ń jà nílẹ̀ Yorùbá ní àsìkò náà mú kí àwọn èèyàn wa, pàápàá Ẹ̀gbá, pọ̀ gan-an nínú wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ sì di ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tàbí ti C.M.S. (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Áńgílíkà). Ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò kúrò nílé. Àwọn kan dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ẹrú tí ìjọba gbà tó sì tà ní gbànjo, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria. Ní ọdún 1839, ènìyàn 67 wọ ọkọ̀ yìí kúrò ní Freetown, wọ́n forí lé ilé. Ẹ rò ó wò: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti fi kó ènìyàn lọ oko ẹrú ni wọ́n fi ń padà bọ̀.

James Ferguson wà lára àwọn tó padà wá yìí. Ní ọdún 1841 ó kọ lẹ́tà láti Àgbádárìgì sí Thomas Dove, olórí iṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní Freetown. Ó ní kí wọ́n rán ìránṣẹ́ Ọlọ́run sí àwọn, nítorí àwọn tó ti gbọ́ ìyìn rere ní Sàró ti wà láìní olùṣọ́. Lẹ́tà yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣáájú ìjọ ní London fi iṣẹ́ náà lé Freeman lọ́wọ́. Mo gbà pé orúkọ Ferguson ló yẹ kó máa ṣáájú nígbàkígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tó dá ìjọ yìí sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àgbádárìgì? Èkó kò ha tóbi jù ú lọ?

Èkó tóbi jù ú lọ, àmọ́ àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ń padà bọ̀ láti Freetown, tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó rí màbo. Wọ́n gba ẹrù wọn, wọ́n sì fìyà jẹ wọ́n kí wọ́n tó rọ́nà lọ. Bí ìròyìn yìí ṣe dé Freetown ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yí orí ọkọ̀ sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn ìjòyè ti gbà kí wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ìdí kejì ni ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Sàró ń lọ láti wá ìyá, bàbá àti àbúrò wọn. Láti Àgbádárìgì, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tó lọ síbẹ̀ tààrà. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti ní ilé ọjà nílùú náà.

Irú ìlú wo ni Àgbádárìgì nígbà náà?

Ìlú ẹnu ibodè ni, ìlú tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Àwọn Ègùn ló ni ín. Àwọn tó sá fún ogun Dàhòmì láti apá Ouidah àti Allada, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ló pọ̀ nínú àwọn tó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Dàhòmì tún lé wọn bá níbẹ̀, ó sì ba ìlú náà jẹ́ ní 1784. Ó dìde padà.

Àdúgbò mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìjòyè tirẹ̀. Akran ló ni Jegba, Wawu ló ni Ahovikoh, Mobee ló ni Boekoh, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun nílùú kò lè rí ẹnì kan ṣoṣo kó ní òun ti rí ìlú. Ohun tó sì kọ́kọ́ rú àwọn àlùfáà lójú nìyẹn.

Ṣé abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lóòótọ́?

Ohun tí ìlú àti ìjọ ń sọ láti ìran dé ìran nìyẹn, òun náà sì ni òkúta ìrántí tó wà níbẹ̀ sọ. Igi ńlá ni, ibòji rẹ̀ tó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn, abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń péjọ sí ní ìlú tí kò tíì ní gbọ̀ngàn. Igi náà wó ní oṣù Kẹfà ọdún 1959. Òkúta ìrántí ni ẹ óò bá níbẹ̀ báyìí.

Nínú Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì àti Townsend ti C.M.S., ta ló kọ́kọ́ dé?

Freeman ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n á ní wọ́n jọ dé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Henry Townsend dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1842, nígbà tí Freeman ti lo oṣù méjì ó lé nílùú, tó tilẹ̀ ti gba Abẹ́òkúta lọ.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni Freeman padà dé láti Abẹ́òkúta, ó sì bá Townsend ní Àgbádárìgì. Ọjọ́ kejì ni Kérésìmesì, tó bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lọ́dún náà. Wọ́n jọ ṣe ìsìn, Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà. Kérésìmesì tí a ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ nínú ìtàn àwọn ìjọ wa nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, Townsend kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì débẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1843.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ṣé ti Mẹ́tọ́díìsì ni?

Rárá o. Ti C.M.S. ni, ní 1845. Ilé tí Freeman kọ́ ṣáájú, ilé ọparun ni.

Kí ni Freeman lọ ṣe ní Abẹ́òkúta?

Ó lọ kí àwọn ọmọ ìjọ tó ti Sàró dé ni, ó sì lọ rí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1842 ló wọ ìlú. Ṣódẹkẹ́ gbà á tayọ̀tayọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ń padà wálé: àwọn tí ilé ti ń ṣọ̀fọ̀ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n tún rí tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Láti Àgbádárìgì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, Freeman gba ọ̀nà Ouidah lọ sọ́dọ̀ Gezo, ọba Dàhòmì. Iṣẹ́ tó gbé lọ kò kéré: ó fẹ́ kí ọba náà mọ̀ pé ìjọ tó wà ní Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ìlú ẹnu ibodè kò lè sùn dáadáa bí ẹni tó wà lódì kejì kò bá fọkàn balẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n dá sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá ń sọ nípa ilé ẹ̀kọ́ ìwé tó wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa láti ìgbà yẹn títí di òní. De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nínú ilé wọn ní 1843, wọ́n sì pè é ní Nursery of the Infant Church. Nǹkan bí ọmọ 50 ni wọ́n kó jọ, ọmọ àwọn Sàró ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kíkà, kíkọ, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ìyàwó de Graft sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ilé rẹ̀ ni kíláàsì, inú ilé náà ló ti ń dáná, òun náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí a bá ń wá olùkọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwé nílẹ̀ wa, tọkọtaya ni wọ́n.

Èdè wo ni wọ́n fi ń wàásù?

Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ògbufọ̀. Freeman kò gbọ́ Yorùbá, èdè Fante sì ni de Graft bí. Àwọn Sàró ló ń túmọ̀. Kò sí ìwé Bíbélì kankan ní Yorùbá lọ́dún náà; ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ kò jáde títí di 1850.

Ohun tí wọ́n kì í sábà rò ni pé Yorùbá pàápàá kọ́ ni èdè ìlú. Ègùn ni wọ́n ń sọ láàfin àti lọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí àlùfáà bá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kan á yí i sí Yorùbá, ẹlòmíràn á tún yí i sí Ègùn kó tó dé etí onílé. Kí ìwàásù tó la ẹnu mẹ́ta kọjá, kí ló kù nínú rẹ̀?

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣètò ọmọ ìjọ?

Bí John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, ti là á sílẹ̀ ni: kíláàsì. Ènìyàn bí méjìlá lábẹ́ aṣáájú kan, wọn á pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olúkúlùkù á sọ bí ọkàn rẹ̀ ti rí, á sì dá owó tó bá lè dá. Èyí wúlò gan-an níbi tí àlùfáà kì í pẹ́ kú tàbí kó lọ. Bí àlùfáà kò bá sí, aṣáájú kíláàsì wà, ìjọ kò sì ní tú ká.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọmọ ìjọ tó bá ń ṣe déédéé á gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé pélébé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni: ẹsẹ Bíbélì kan lókè, lẹ́tà kan tó dúró fún ìdá mẹ́rin ọdún náà, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó ni ín tí wọ́n fi yíǹkì kọ. Ní ilé àwọn Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́, ẹ lè bá irú rẹ̀ láàárín ewé Bíbélì, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, ó lè fi hàn ní ìlú mìíràn tó bá dé kí ìjọ ibẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á. Fún ẹni tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan rí bí ẹni ta ewúrẹ́, ìwé tó gbé orúkọ òun gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣé òwò ẹrú ṣì ń lọ nílùú nígbà tí ìjọ wà níbẹ̀?

Ó ń lọ. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ òkun, ṣùgbọ́n láti Èkó dé Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Ouidah, wọ́n ṣì ń kó ènìyàn jáde ní gbogbo ọdún 1840 síwájú. Ọjà Vlekete, tí wọ́n ti ń ta ẹrú, wà nínú ìlú kan náà tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ẹ fi ojú inú wo àwọn ọmọ ìjọ yẹn. Ẹni tí wọ́n gba etí òkun yìí kan náà tà lọ ní kékeré, tí ọkọ̀ ogun gbà á sílẹ̀, ti padà wá kọ́lé sí tòsí ọjà tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Ó lè gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ láti ilé rẹ̀. Àwọn ìjòyè tó fún ìjọ láyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ nínú òwò náà. Àwọn àlùfáà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wàásù lòdì sí i, wọ́n sì ń rọ àwọn ènìyàn láti máa ta epo pupa dípò ènìyàn, àmọ́ wọn kò ní agbára kankan nílùú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ṣé àwọn Ègùn onílẹ̀ gba ìgbàgbọ́ náà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ni. Àwọn Sàró ló ń kún ìjọ. Fún onílẹ̀, ẹ̀sìn tuntun náà jọ ẹ̀sìn àwọn àlejò: àwọn tó ń wọ ṣòkòtò òyìnbó, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ojú wọn sì wà ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Onílẹ̀ ní vodun tirẹ̀, ó ní Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru, òwò rẹ̀ sì ń lọ. Ìjọ wá ní kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, kó fi ìyàwó kejì àti ìkẹta sílẹ̀, kó fi òrìṣà ìdílé sílẹ̀. Ohun tó máa fi rọ́pò kò tíì hàn sí i.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan pe èyí ní ọkàn líle. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú tó ti sá fún Dàhòmì, tí Dàhòmì sì tún lé bá, kò ní tètè fi ohun tó gbà á sílẹ̀ nígbà náà ṣeré.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ yìí kò sì parí lọ́dọ̀ wa. Ní 1917, òun ló fa ìyapa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó tí United African Methodist Church, tí a mọ̀ sí Ẹlẹ́ja, fi jáde.

Kí ló dé tí Àgbádárìgì kò fi di olú ìjọ?

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló fà á. Èkínní, Abẹ́òkúta ń fa àwọn ènìyàn. Nígbà tí C.M.S. padà wá ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Townsend, Gollmer àti Crowther, ikú Ṣódẹkẹ́ ló dá wọn dúró ní Àgbádárìgì fún ọdún kan àbọ̀. Bí ọ̀nà ṣe là ní 1846 ni Townsend àti Crowther gòkè lọ. Ọ̀pọ̀ Sàró ti ṣáájú wọn, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Èkejì, Èkó ṣí sílẹ̀. Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè ní 1845, Àgbádárìgì ló padà wá sá sí. Ìlú wá pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1851, iná sì jó apá tó pọ̀ nínú ìlú. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1852 ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn tó fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó tó sì gba àwọn míṣọ́nnárì láàyè. Kò pẹ́ tí Gollmer fi kó lọ sí Èkó, àwọn oníṣòwò sì kó lọ pẹ̀lú. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà fìdí múlẹ̀ ní Olówógbowó, láàárín àwọn Sàró tó pọ̀ níbẹ̀.

Àgbádárìgì dá wà. Àwọn tó kù ló di ìjọ mú, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ènìyàn tí kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìtàn.

Ibodè tó wà ní Sẹ̀mẹ̀ báyìí, ṣé ó pín ìjọ níyà?

Kò sí ibodè bẹ́ẹ̀ ní 1842. Ọ̀sà kan náà ni, ènìyàn sì lè wa ọkọ̀ láti Àgbádárìgì dé Àjàṣẹ́ láìbọ́ sílẹ̀. Ọdún 1863 ni Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì, Faransé ń gbìyànjú ní Àjàṣẹ́ lọ́dún kan náà, àdéhùn ọdún 1889 láàárín wọn ló sì fa ilà tó pín Ègùn sí ilẹ̀ ọba méjì.

Ìjọ kò tẹ̀ lé ilà yẹn. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹ̀ka wa láyé àtijọ́ fi jẹ́ Yorùbá àti Popo (ìyẹn Ègùn): ó kó ìhín àti ọ̀hún pọ̀. Thomas Joseph Marshall, ọmọ Àgbádárìgì, ló lọ ṣe àlùfáà ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì ṣiṣẹ́ lórí Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Ègùn tó jáde ní 1892. Èdè tí Freeman kò lè fi wàásù fúnra rẹ̀ ní 1842, ọmọ ìlú náà ló sọ ọ́ di ìwé ní 50 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìjọ kékeré yìí bí, èyí ni mo kà sí ńlá jù.

Kí ló dé tí Freeman fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1857? Ṣé ó jalè ni?

Kò jalè. Ìnáwó ló pọ̀ ju ohun tí London fọwọ́ sí lọ. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìsìn, ìrìn àjò, ẹ̀bùn fún ọba àti ìjòyè tí ẹnikẹ́ni kò lè dé iwájú wọn lọ́wọ́ òfo: gbogbo rẹ̀ gba owó, Freeman kì í sì í dúró ka owó kó tó ṣí ibi tuntun. Gbèsè pọ̀, wọ́n bá a wí, ó sì fipò sílẹ̀. Ó gbé ní ilẹ̀ Ghana títí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà ní 1873.

Ṣé a lè sọ pé Àgbádárìgì ni ẹ̀sìn Kristẹni ti kọ́kọ́ dé Nàìjíríà?

Kí a sọ ọ́ pẹ̀lú ìṣọ́ra. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tó bá àwọn Potogí rìn ti dé ìlú Benin (Ẹdó) àti Warri ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ìjọ Warri tilẹ̀ ní ọba tó ṣe ìrìbọmi. Àmọ́ ìgbàgbọ́ yẹn kò dúró.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ láìsí iyèméjì ni pé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1842 kò dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà, tó gba òmìnira kúrò lábẹ́ ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, ti ń ka ọdún rẹ̀.

Wọ́n ní bàbá ńlá wa wà lára àwọn Sàró tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Níbo ni ká ti wá orúkọ wọn?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ tú Bíbélì àtijọ́ wò bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìwé ìrìbọmi lọ́wọ́ ìjọ tí àwọn àgbà yín ń lọ, ẹ sì ka òkúta orí sàréè. Lẹ́yìn náà, ilé ìfìwépamọ́ ìjọba ní Ìbàdàn wà, àwọn lẹ́tà àwọn àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì wà ní SOAS ní London, ti C.M.S. sì wà ní yunifásítì Birmingham.

Ní Freetown, ìwé wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà lójú òkun sí, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá tó wà lára wọn. Akọ̀wé tó kọ ọ́ kò gbọ́ Yorùbá, bó ṣe dún létí rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fojú nìkan wá a. Ẹ gbé orúkọ tó wà nínú ìwé náà sẹ́nu, ẹ pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lónírúurú ohùn, níwájú àgbà kan nínú ẹbí. Etí rẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ojú yín kò rí.